Orin Tí Mùjíbátù Dá fún Àwọn Aboyún

Nígbà tí ohùn Mùjíbátù ṣì ń jáde dáadáa, ẹni tó bá ti Ìyànà Ọ̀fà ń bọ̀ wá sí Olókùúta lọ́jọ́rú, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí òrùlé ilé ìwòsàn. Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aboyún. Wọn á tò sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọn á gbọ́wọ́ lé ikùn, Mùjíbátù á sì dúró níwájú wọn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, híjáàbù funfun lórí, á pàtẹ́wọ́, orin á bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ tó bá lẹ́jẹ̀, òun ló ń se irin iṣẹ́ nínú omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn obìnrin abà léèrè pé ta ló ni ilé ìwòsàn Olókùúta, wọn ò ní dárúkọ ìjọba. Wọ́n á ní ti Màmá Olórin ni.

Inú ẹgbẹ́ Àsàlátù ló ti kọ́ bí a ṣe ń dá orin. Ọlọ́run fún un lóhùn, kò fún un lọ́mọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ẹbí ọkọ sì ti kó ohun tí wọ́n fẹ́ kó. Zubaidah nìkan ló kù fún un, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n gbé wá bá a nígbà tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Òun ló tọ́ ọ, òun ló fi sílé kéwú, òun ló fi síléèwé, òun náà ló sin ín relé ọkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Zubaidah kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀, Mùjíbátù á bi í bóyá inú nìkan ni wọ́n fi ń bímọ.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ṣáájú àìsàn kòrónà, ìbọ̀wọ́ ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí á wọ̀ ọ́, ẹni tó fẹ́ wẹ egbò á wọ̀ ọ́, ó parí. Nígbà tí kòrónà dé, ẹ̀rù ba gbogbo ayé, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn ò burú. Àìsàn náà wá lọ, ìbọ̀wọ́ ò bá a lọ. Wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ gba káàdì. Wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ ka oògùn sọ́wọ́ àgbàlagbà. Wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ gbé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ sórí ìwọ̀n, wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á fa òmíràn yọ. Ẹlòmíràn nínú wọn tiẹ̀ ń fi jẹ àkàrà láàárọ̀. Ẹnu ló máa ń ya èèyàn. Bọ́rọ̀ ìbọ̀wọ́ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ òwú àti rọ́bà ìtẹ́sórí bẹ́ẹ̀dì àti ìwé ìnuwọ́: ẹ lò ó, ẹ sọ ọ́ nù. Nígbà tí ohun tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ kò tó mọ́, wọ́n yí ẹrù náà sórí àwọn aboyún. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ ní Olókùúta, kó ra ẹrù tirẹ̀ dání.

Àwọn obìnrin abà ń gbàgbé. Ẹni tó ra òwú ò ní ra páàdì, ẹni tó ra páàdì ò ní mú ìbọ̀wọ́, tí wọ́n ń pè ní gílọ́ọ̀fù, wá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ló sọ fún Mùjíbátù pé kó bá àwọn fi sórin, torí ohun tí orin bá gbé, orí kì í gbàgbé rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi dá a. Ohun tó dá nìyí:

Aboyún tó ń bọ̀, ẹrù rẹ dà?
Gílọ́ọ̀fù ńkọ́? Ó wà ńbẹ̀.
Òwú ńkọ́? Ó wà ńbẹ̀.
Páàdì ńkọ́? Ó wà ńbẹ̀.
Ta ló wá lọ́wọ́ òfo?
Èmi kọ́ o, ìwọ ni,
Ojú á tì ọ́ lójú ẹgbẹ́ o.

Ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn, kò sẹ́ni tó rán an. Òun ló rò pé orin tí kò bá ní yẹ̀yẹ́ díẹ̀ nínú dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Òótọ́ ló sì rò. Ibi ojú títì yẹn gan-an ni àwọn obìnrin fẹ́ràn. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn á máa nàka síra wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín, oyún inú náà á máa jó. Bí ẹrù ẹnì kan kò bá pé, wọn á kọ ọ́ sí i, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ó di dandan kó rẹ́rìn-ín. Orin náà kúrò ní ilé ìwòsàn, ó wọ abà. Wọ́n ń kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ṣùgbọ́n ta ní í wolẹ̀ nígbà tí ijó bá wọra?

Zubaidah náà ń kọ ọ́. Ó ti fẹ́ Najeem, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan ní Abà Ọládòṣù, lẹ́yìn odò. Ọ̀nà ibẹ̀ rí gbágungbàgun débi pé ọ̀kadà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tú èèyàn nífun. Síbẹ̀, Olókùúta ló fi orúkọ oyún rẹ̀ sí. Bẹ́ńṣì iwájú ló máa ń jókòó sí, á máa gbe orin ìyá rẹ̀ tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Bí Mùjíbátù bá ti gbójú sókè tó rí i, orí rẹ̀ á wú, ohùn rẹ̀ á tún gòkè sí i.

Lọ́dún náà, màlúù wọ oko Najeem. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fojú sí pé àwọn á wa tà fún àwọn onígàrí, wọ́n bá a nílẹ̀ ní àtẹ̀mọ́lẹ̀. Zubaidah wá ń ra ẹrù ìbímọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òní òwú, ọ̀la réésà. Mùjíbátù ò mọ̀ bí nǹkan ṣe le tó. Lọ́jọ́ tó bi í pé, "Zubaidah, ẹrù ńkọ́?" ohun tí ọmọ náà sọ ni pé, "Ó ti fẹ́ pé, Ìyá mi."

"Kí ló kù?"

"Kékeré ni. Ẹ má dààmú."

Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní gbà á gbọ́? Ọmọ náà kò purọ́ fún un rí. Bẹ́ẹ̀ gílọ́ọ̀fù àti páàdì tó kù yẹn, ó kún sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn fọ́fọ́. Ìyá ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́. Ẹnu nìkan ni ọmọ ì bá yà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni Zubaidah ń rọbí. Ìyá Najeem, ìyá ọkọ rẹ̀, ní kí wọ́n máa lọ lójú ẹsẹ̀. Zubaidah di òpó ilé mú, ó ní rárá, kí Najeem kọ́kọ́ sáré dé Ìyànà Ọ̀fà lọ ra ohun tó kù, kó padà wá fi ọ̀kadà kan náà gbé òun. Najeem lọ. Ó dé Ìyànà Ọ̀fà, ẹni tó ń ta oògùn ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró. Ọkùnrin náà dúró tìtorí ìyàwó rẹ̀ ní kó má padà lọ́wọ́ òfo. Kó tó dé abà padà, ẹ̀jẹ̀ ti ń ya.

Mùjíbátù ń sá aṣọ sórí okùn lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀kadà. Najeem ló ń wà á, àpò kún dẹ́múdẹ́mú lọ́rùn rẹ̀. Zubaidah wà láàárín, ìyá ọkọ rẹ̀ gbá a mú láti ẹ̀yìn, gbogbo ìjókòó ọ̀kadà ti pọ́n. Wándé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, tí gbogbo abà ń pè ní Dókítà tí kò sì bá wọn jiyàn, sáré jáde. Ó fa omi sí i lára, ó ní ọwọ́ àwọn ò ká èyí, ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n bẹ ọkọ̀ ẹnì kan tó ń kó tòmátì. Láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ ni Mùjíbátù jókòó sí, ó gbé orí ọmọ lé itan.

Zubaidah lajú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ìyá mi, ẹrù ti pé."

Mùjíbátù ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi. Má sọ̀rọ̀ mọ́." Kò yé e. Ó rò pé ìnira ló ń gbẹnu ọmọ sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì dé ìgboro Ìbàdàn tí ara ọmọ fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ bá a lọ.

Wọ́n sin ín ní Abà Ọládòṣù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn ààfáà ti jẹun lọ, Ìyá Najeem fa Mùjíbátù wọ yàrá. Obìnrin náà kò fẹ́ sọ ọ́, ó kàn jẹ́ pé kò lè dá a gbé mọ́ ni. Ó ní, "Ìyá Zubaidah, ẹ má bínú sí mi. Mo fà á lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò gbà. Ó ní òun ò lè lọ kí ẹrù òun má pé. Ó ní wọ́n á fi orin ìyá òun kọrin sí òun, lójú ìyá òun. Mo ní, 'Zubaidah, orin lásán?' Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín."

Gbogbo wa là ń pa òwe yẹn. A máa ń fi gbéra ga. Ó yẹ kí ẹni tó bá tún fẹ́ pa á lọ jókòó nínú yàrá yẹn ná, kó wo ojú obìnrin tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mùjíbátù kò ké. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀ ní òdì, ó sì rìn lọ sílé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò kọrin mọ́. Ọjọ́rú dé, àwọn aboyún tò sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wojú rẹ̀. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbà pé ọ̀fọ̀ ló fà á, wọ́n bá dá orin náà fúnra wọn láti fi tù ú nínú. Wọ́n kọ ọ́ délẹ̀. Ibi tó wà lẹ́yìn ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Ibẹ̀ ni Mátírọ́ọ̀nù Olúrẹ̀mí bá a. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá sí Olókùúta, ọmọ tíṣà ni, ará ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá, kí ló dé?" Mùjíbátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí màlúù dé orí òwe. Mátírọ́ọ̀nù dìde, ó na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀."

Ohun tó wà nínú sítọ́ọ̀ yẹn, ojú ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́. Ẹrù àwọn aboyún ni, èyí tí wọ́n kó wá tí wọn ò lò, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá padà. Òwú tí eku ti fi ṣe ìtẹ́. Páàdì tí òjò ti rọ̀ sí láti òkè àjà. Páálí gílọ́ọ̀fù tí ooru ti mú kó lẹ̀ mọ́ra wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fa tuntun yọ nínú ẹrù àwọn tó ń bọ̀, ti àwọn tó ti lọ sì ń bàjẹ́ nílẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù Olúrẹ̀mí dúró láàárín rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ jókòó sílé rè é?"

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn máa dín ohun tí àwọn ń lò sọ nù kù, kí èyí tí ìjọba ń fún àwọn lè tó fún ìgbẹ̀bí, kí aboyún má sì máa ra nǹkan kan wá mọ́. Aṣọ tó ṣeé fọ̀ ni wọn yóò máa tẹ́. Abọ́ irin tó ṣeé sè ni wọn yóò máa lò. Ọṣẹ àti omi yóò wà lẹ́nu gbogbo yàrá.

Wándé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo níyàwó nílé. Wọn ò kọ àrùn síwájú orí ká lè kà á. Ẹ wá ní ká bọ́ gílọ́ọ̀fù?"

"Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, Wándé, níbi tí omi ara bá wà, ẹ wọ̀ ọ́. Bí mo bá rí i pé ẹ ò wọ̀ ọ́ níbẹ̀, èmi ni màá lé yín jáde. Ṣùgbọ́n kí lẹ̀ ń fi gba káàdì fún? Èyí tí ẹ wọ̀ láti àárọ̀, tí ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn, tí ẹ fi gbé fóònù, ó dọ̀tí ju ọwọ́ tí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ lọ. Ara yín nìkan lẹ rò pé ó ń dáàbò bò."

"Ó ti mọ́ wa lára, mà."

"Mo mọ̀. Ó mọ́ èmi náà lára. Ẹ jẹ́ ká jọ gbìyànjú rẹ̀ ni. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wándé kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó ní, "Àwọn obìnrin yìí gan-an fẹ́ràn rẹ̀, mà. Fújà ni wọ́n ń fi ẹrù wọn ṣe. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórin. Ta ni gílọ́ọ̀fù pa rí?"

Mátírọ́ọ̀nù wo apá ibi tí Mùjíbátù wà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. Mùjíbátù ló dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ó pa ọmọ mi," ó wí. "Wándé, ìwọ lo fa omi sí i lára. O ní kí ló dé tí wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn. Gílọ́ọ̀fù àti páàdì ló dúró dè. Ó rò pé a ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi. Ta ló kọ́ wọn ní yẹ̀yẹ́ yẹn? Èmi ni. Kì í ṣe gílọ́ọ̀fù ló pa á, orin mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n fi gílọ́ọ̀fù sínú orin." Ó di ilẹ̀kùn mú. "Mi ò wá bá yín jà. Ẹ wò ó, ẹ kàn bá mi dín in kù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n á máa gbé wá."

Wándé fi ojú bolẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láìfọwọ́ nù ún.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, kò sì rọrùn, torí ọwọ́ ní àṣà tirẹ̀. Wándé á na ọwọ́ sí páálí gílọ́ọ̀fù láìmọ̀, á rántí, á fà á padà, á lọ fọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé wá síbẹ̀ wo ọwọ́ tí Wándé fi di apá rẹ̀ mú. Ó ní, "Dókítà, ẹ fọwọ́ kàn mí lónìí? Mo ti rò pé mò ń rùn sí yín ni." Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó tún rán Wándé létí mọ́. Aṣọ tí Mùjíbátù ń fọ̀ pọ̀ sí i, abọ́ tó ń sè pọ̀ sí i, ẹ̀yìn ń ro ó, kò ṣàròyé. Ó tiẹ̀ fẹ́ kó máa ro òun.

Mátírọ́ọ̀nù bẹ̀ ẹ́ títí, ó bá gbà láti dá orin tuntun. Nínú rẹ̀, ó ní kí aboyún máa bọ̀, kó má kó ẹrù kankan, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Orin náà tọ́, kò dùn. Kò sí yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀, ohùn tó fi ń kọ ọ́ náà sì ti gbẹ. Àwọn obìnrin á gbè é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọn á dákẹ́. Tí wọ́n bá ti dé ọ̀nà ilé, èyí tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n tún ń kọ. Wọ́n ṣì ń ra ẹrù, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ Mátírọ́ọ̀nù kò lè pẹ́ kó yí padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mùjíbátù ń lọ sílé, ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ nínú eré, pé ojú á tì ọ́ lójú ẹgbẹ́ o. Ó fa ẹ̀ka igi yọ, ó lé wọn. Wọ́n sá, wọ́n rò pé ó ń bá àwọn ṣeré ni. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún tí kò sun lọ́jọ́ kẹjọ.

Lẹ́yìn náà ni Najeem wá. Ó gbé àpò ẹrù Zubaidah dání, bí wọ́n ṣe dì í lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tú u. Ó ní, "Ìyá, mi ò lè máa wò ó nínú yàrá mọ́. Ẹ fún ẹni tí kò bá ní." Kò jókòó, kò mu omi. Mùjíbátù gbé àpò náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀. Ó ń gbójú kúrò lára rẹ̀ tó bá ń wọlé, ó tún ń gbójú kúrò tó bá ń jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó jáde láti da omi nù, ó rí obìnrin kan lẹ́nu géètì tó di igi ọgbà mú. Kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń jókòó lẹ́yìn ni. Ó ń rọbí, ó sé eyín mọ́ra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rin ẹrẹ̀ wá láti abà. Mùjíbátù sá lọ bá a.

"Kí lò ń ṣe níbí? Wọlé!"

Obìnrin náà mi orí. "Ọkọ mi ti lọ wá a bọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó mú un dé ná."

"Wá kí ni bọ̀?"

"Ẹrù mi. Mi ò tíì rà."

Mùjíbátù ní a ò gba ẹrù mọ́, ó ní ṣé kò gbọ́ lọ́jọ́rú ni. Obìnrin náà ní òun gbọ́. Ó tún di igi ọgbà mú. Ó ń wo ẹ̀yìn Mùjíbátù, níbi tí àwọn obìnrin mìíràn jókòó sí tí wọ́n ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè wọ ibi tí orin ti wọ̀. Ìyẹn ni Mùjíbátù rí lójú rẹ̀, ó sì mọ ojú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí Zubaidah di òpó mú.

Ó yí padà, ó sáré lọ sí sítọ́ọ̀, ó já àpò náà lára ìṣó, ó sáré padà wá. Ó fi okùn rẹ̀ kọ́ obìnrin náà léjìká.

"Ẹrù rẹ rè é. Ó pé. Ó yá, máa bọ̀."

Obìnrin náà wo àpò náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀ lára ọgbà, ó wọlé.

Wándé ló gbẹ̀bí rẹ̀. Aṣọ tí Mùjíbátù fọ̀ ni wọ́n tẹ́, abọ́ tó sè ni wọ́n fi gba ibi ọmọ. Ọ̀nà ìbí kò le, ọkùnrin ni ọmọ náà, ó sì ké kó tó balẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n ti di ìwọ́ rẹ̀, tí wọ́n ti gbé e sí ìyá láyà, Mùjíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ló rí àpò tí Wándé tú sórí tábìlì. Ìbọ̀wọ́ tó fi gbẹ̀bí ló yọ nínú rẹ̀, àti réésà, àti òwú díẹ̀. Ìyókù wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ: páàdì, rọ́bà, ìwé ìnuwọ́, ìgò apakòkòrò-àrùn, páálí gílọ́ọ̀fù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Ohun tí wọ́n lò kò kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Najeem ì bá má lọ sí Ìyànà Ọ̀fà rárá.

"Ìyá," obìnrin náà pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló ni ẹrù yẹn?"

"Ọmọ mi obìnrin ló ni ín."

"Há, Ọlọ́run ṣeun. Òun náà lóyún ni?"

Wándé gbójú sókè. Mùjíbátù ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi kí i gan-an o. Ẹ ní mo dúpẹ́. Bó ṣe bò mí láṣìírí lónìí, Ọlọ́run á sọ òun náà kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Mùjíbátù ní, "Àmín." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyókù padà sínú àpò.